Ẹrù ìyá mi òṣèré: ká pín in, àbí ká tọ́jú ẹ̀ pọ̀?

Ọmọ Òṣèré (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi ti lọ sílé, lẹ́ni ọdún 79. Tíátà alárìnjò ni wọ́n ṣe láti ìgbà ọmọge wọn, nígbà tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù, wọ́n bá wọn débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á ti rí ojú wọn rí. A ti ṣe òkú tán, àwọn àlejò ti lọ. Ó ku ẹrù.

Àpótí irin méjì ni, àti báàgì gaanamọ́gò kan tí síìpù ẹ̀ ti já. Alẹ́ àná ni mo ṣí àpótí àkọ́kọ́. Aṣọ eré ló wà lókè. Ìró àti bùbá òfì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe olorì, pàńkéèkì pupa, ìpara tí òṣèré fi ń kun ojú, ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn bùbá náà níbi tó ti máa ń kan ara wọn. Mo gbé e sí imú, káńfọ̀ àti òórùn ìpara yẹn ló dà pọ̀. Lábẹ́ aṣọ ni mo ti rí ìwé kan tí wọ́n máa ń kọ gbogbo ìlú tí wọ́n ti ṣeré sí, iye èrò tó wọlé, iye owó, àti ẹni tó jẹun àwìn. Ibì kan kà báyìí: “Ìkìrun. Èèyàn 212. Òjò. A ò ṣe é tán.”

Fọ́tò lé ní igba, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní orúkọ lẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò méje. Lẹ́tà. Àti agolo bisikíìtì kan tó kún fún négátíìfù. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn kíkan kan sọ mí ní ojú, bí ẹni pé wọ́n da fínígà síbẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà ní ká pín aṣọ bí wọ́n ṣe máa ń pín in, ká jó ìwé, nítorí kí la fẹ́ fi ṣe. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn ìyá dáa. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Aṣọ ìyá, ọmọ ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyá tèmi lọ, a jókòó sí pálọ̀, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ń nawọ́ ẹ̀ síra wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Léèsì tó kàn mí, mo ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ sóde, tí mo bá sì wọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n dì mọ́ mi. Kí ni aṣọ fẹ́ ṣe nínú àpótí? Ẹ má torí ẹrù bá ẹbí yín jà.

Ará Berlin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Berlin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí níbí.

Òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Marlene Dietrich. Berlin ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1901. Fíìmù kan tó jáde ní 1930 ló gbé orúkọ ẹ̀ káyé, ọdún yẹn náà ló sì kọjá sí Hollywood. Nígbà tí Hitler dé orí ìjọba, wọ́n fẹ́ kó padà wálé wá ṣeré fún wọn, ó kọ̀. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1939, ó sì ń lọ kọrin fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lójú ogun. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì ò gbàgbé ìyẹn. Nígbà tó padà wá kọrin níbí ní 1960, àwọn kan gbé páálí dúró pé kó máa lọ sí ibi tó ti wá. Paris ló kú sí ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n wá gbé e wá sin sí Berlin, nítòsí ibojì ìyá ẹ̀.

Obìnrin yìí kì í da nǹkan nù. Nígbà tí wọ́n ka ẹrù ẹ̀, aṣọ àti ohun ìwọ̀ lé ní 3,000. Fọ́tò tó 15,000. Ìwé tó 300,000 ojú-ewé, lẹ́tà àwọn òṣèré, àwọn olórin, àwọn òǹkọ̀wé ńlá wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ò ka ẹrù yẹn sí. Ní 1993, ìlú Berlin rà á ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, wọ́n gbé e fún Deutsche Kinemathek, ilé tó ń tọ́jú ohun fíìmù. Ìlú kan náà tí wọ́n ti gbé páálí sí i lójú ni mò ń wí. Nígbà tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù fíìmù ní Potsdamer Platz ní ọdún 2000, ẹrù ẹ̀ wà lára ohun tí èèyàn ń rọ́ lọ wò jù.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò dídì ń rọ̀. Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ aṣọ. Aṣọ wà, fọ́tò tó ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà, ìwé ìgbà yẹn wà. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí, mo sì ń ronú nípa àwọn ìyá wa. Ohun tó jẹ́ kí ẹrù yẹn máa sọ̀rọ̀ ni pé ó wà pọ̀. Bí ọmọ kan bá gbé aṣọ lọ sí Àkúrẹ́, tí èkejì gbé fọ́tò lọ sí Canada, tí ẹ wá jó ìwé, ìró òfì yẹn á di ìró òfì lásán. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé olorì ni wọ́n fi ṣe.

Ọmọ Òṣèré

Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là! Ìjọba wo ló fẹ́ ra agolo bisikíìtì ìyá mi?

Ará Berlin

Kò sẹ́ni tó mọ̀ lónìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ fíìmù kan tó ń jẹ́ Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe lédè Haúsá ní 1976. Àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù pátápátá. Jos ni wọ́n ti padà rí i, nínú àwọn agolo fíìmù tó wà ní àkójọ ìjọba. Àwọn Arsenal, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú fíìmù ní Berlin níbí, bá wọn ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Agolo tẹ́nì kan ò dà nù ni.

Ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ náà ṣeré ní Berlin yìí ní 1964, tó fi jẹ́ pé àwọn ìyá bíi tiyín ti tẹ ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ yìí. Ó máa ń dùn mí pé ibi díẹ̀ ni mo ti lè rí fọ́tò wọn.

Olùtọ́jú Ìwé (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba agolo yẹn là kí ọ̀rọ̀ ẹbí tó délẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyí láti ọdún pípẹ́.

Òórùn fínígà yẹn, àìsàn ni. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe négátíìfù láyé ìgbà yẹn, tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ásíìdì jáde. Ásíìdì yẹn á tún wá jẹ òun fúnra ẹ̀, á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Á sún kì, á ká, ojú àwòrán á bó kúrò lára ike. Kò ní oògùn tó lè dá a padà. Ohun tí a lè ṣe ni ká dẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ̀, ká sì tètè ya ẹ̀dà ẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé e kúrò nínú àpótí lónìí, kó má ran fọ́tò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ yọ wọn kúrò nínú agolo, torí agolo tó dé pa ló ń há èéfín yẹn mọ́ wọn lára. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò bébà, kì í ṣe nylon. Ní ìlú òyìnbó wọn á ní kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: tí fírísà bá ń yọ́ tó tún ń dì, omi á bà á jẹ́ ju ooru lọ. Yàrá tó tutù jù nílé yín, tí atẹ́gùn ń wọ̀, tí kò sún mọ́ páànù, ni kẹ́ ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan kúrò nínú àpótí, ẹ fi fóònù ya bó ṣe tò. Ohun tí ìyá fi lé ohun tí wọ́n fi lé, ó nídìí. Ìwé tó wà nínú pọ́ọ̀sì wọn yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí.

Bùbá tó ní pàńkéèkì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún àwọn obìnrin ilé. Ìpara yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n wọ̀ ọ́ jáde lójú eré. Ẹ wá aṣọ funfun òwú tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́, tí kò ní sitáàṣì, kẹ́ ẹ fi wé e. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan òfì náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ẹ tú u, kẹ́ ẹ ká a gba ibòmíràn, torí ojú ibi tó bá ká sí nígbà gbogbo ló máa ń gé. Gbé àpótí lé búlọ́ọ̀kù, nítorí ikán.

Fọ́tò: tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn, kó rọra kan bébà. Bírò á yọ sí iwájú tó bá yá. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya, ẹ má lamináètì ohunkóhun. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò: tẹ́ ẹ bá rí ebu funfun lára téèpù, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ rárá. Ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún.

Lọ́yà Ìgboro (Abẹ́òkúta)

Àbúrò, ìbéèrè kan. Ta ni ọ̀gá ẹgbẹ́ eré yẹn?

Ọmọ Òṣèré

Bàbá mi ni, sà. Ìyàwó mẹ́rin, gbogbo wọn ló ṣeré. Ìyá mi ni ìkejì. Bàbá ti kú láti 1994. Ìyàwó tó kẹ́yìn, tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, ló ṣẹ́kù láyé báyìí, àwọn gan-an ló ń tẹnu mọ́ ọn pé ká pín aṣọ.

Lọ́yà Ìgboro

Mo ti fura. Ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì nìyẹn. Ohun tó jẹ́ ti ìyá yín fúnra wọn, lẹ́tà wọn, ìwé àkọsílẹ̀ wọn, aṣọ tí wọ́n fi owó ara wọn rà, ẹ̀yin ọmọ wọn ló ni í. Àmọ́ aṣọ eré tí ẹgbẹ́ rán, ti bàbá ni. Ogún bàbá sì ń lọ ní ìdí-igi, ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìpín níbẹ̀, àyàfi tí àwọn olórí ẹbí bá ní kó lọ ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tiẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí Privy Council, ilé ẹjọ́ ní London, dá ní 1962 ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi kì í ṣe àṣà tó ti kú. Tẹ́ ẹ bá lọ gbé àpótí yẹn fún mùsíọ́ọ̀mù láìsọ fún Ìyá Kékeré, wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́, wọ́n á sì jàre.

Ṣùgbọ́n àṣà kan náà yẹn ní ohun tí a kì í pín. Ẹ wo ilé ẹbí. Kò sẹ́ni tó ń gé yàrá nínú ẹ̀ lọ tà. Gbogbo ọmọ ló ni í, olórí ẹbí ló ń bójú tó o, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Ẹ sọ àpótí yẹn di ilé ẹbí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan wà tó ń tọ́jú ẹ̀, kó má sì sí ẹni tó lè tà á tàbí yọ nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo yín fẹnu kò. Tẹ́ ẹ bá fi èdè yìí sọ ọ́ fún àwọn àgbà, á yé wọn ju ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù lọ.

Ohun kékeré kan: pé fọ́tò wà lọ́wọ́ yín kò sọ pé ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ jáde jẹ́ tiyín. Ti ẹni tó yà á nìyẹn lè jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí òǹtẹ̀ ayàwòrán lẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti lé ní ọdún 70, mo sì ti ya òṣèré púpọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá wá sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ ò mọ̀ pé láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka ti ń tẹ eré àwọn alárìnjò ní fọ́tò, ojú-ewé dé ojú-ewé, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú àwòrán. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣeré nígbà náà, ibẹ̀ nìkan ni ojú wọn kù sí. Tí Atọ́ka bá wà nínú báàgì gaanamọ́gò yẹn, ẹ má fi di ẹ̀pà o.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Wọ́n wá bá mi láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, mi ò ní dárúkọ wọn, pé àwọn fẹ́ ṣe ètò lórí òṣèré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo kó fọ́tò mẹ́rìndínlógójì fún wọn, pẹ̀lú négátíìfù. Mo fi ọkàn tán wọn. Mo lọ síbẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ ní òun ò rí nǹkan kan. Ọmọ òṣèré náà wá bá mi lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ní òun ò ní fọ́tò ìyá òun kankan láti ìgbà èwe wọn. Mi ò lè wò ó lójú. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn.

Ọmọ Èkó

Bàbá sọ òótọ́. Àwa náà fún ọ́fíìsì kan ní ìwé bàbá wa, káàtìnnì mẹ́rin. Nígbà tí a padà lọ wò ó, káàtìnnì kan ló kù, omi òjò ti wọ̀ ọ́. Tọ́jú ẹrù ẹ sílé.

Olùtọ́jú Ìwé

Ó dùn mí láti gbọ́ ìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹni náà máa ń jóná, ó sì máa ń jò. Ẹ yà á ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú hard disk nílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbé ojúlówó fún yunifásítì tàbí ilé ìkówèépamọ́, ẹ ka gbogbo ẹ̀ kó tó kúrò nílé, kí àwọn náà kà á lójú yín, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye tí wọ́n gbà, ẹni tó lè wò ó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá lè tọ́jú ẹ̀ mọ́. Ibi tí wọn ò bá ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ gbé ẹrù yín padà sílé.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, ẹ sì ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀ lórí aṣọ eré. Àmọ́ lẹ́tà ńkọ́? Obìnrin tó wà láàárín orogún, tó ń rin ìlú kan dé ìkejì. Ohun tó kọ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn kọ sí i, ṣé ọmọ ẹ̀ ló yẹ kó máa kà á, ká má tíì sọ ará ìta? Àwọn ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan mọ́. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ìyẹn náà.

Ará Berlin

Ẹ ṣeun mà, èmi náà ti rò ó. Ní ti Dietrich, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wá sí Berlin. Hemingway, òǹkọ̀wé ńlá ará Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí i fún ọdún mẹ́wàá, láti 1949 dé 1959. Ọgbọ̀n lẹ́tà ló wà, ọmọbìnrin Dietrich ló kó wọn fún ilé ìkàwé John F. Kennedy ní Boston ní 2003, ó sì di 2007 kí wọ́n tó ṣí wọn fún gbogbo ayé. Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́ nígbà náà. Ẹ lè fi lẹ́tà sínú àpò, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kẹ́ ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sí ara ẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má ṣáà jó o.

Ọmọ Òṣèré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ṣe ìpàdé lánàá, mo sì ní kí n wá jíṣẹ́ fún yín.

Mo gbé àpótí méjèèjì lọ sí pálọ̀ bó ṣe wà. Mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé ẹbí tí Lọ́yà kọ́ mi, bàbá wa tó dàgbà jù nínú ẹbí mi orí, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ Ìyá Kékeré ò dá sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Ni mo bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, mo kà á sókè: Ìkìrun, èèyàn 212, òjò, a ò ṣe é tán.

Wọ́n ní, “Òjò nìkan kọ́.” Gbogbo wa wojú wọn. Wọ́n ní oyún mi ló mú ìyá mi lójú eré lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn gan-an ni wọ́n gba ìró òfì yẹn lára wọn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí wọ́n sì jáde lọ ṣe olorì náà títí òjò fi dé. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní bùbá náà. Wọ́n wo ọrùn ẹ̀, wọ́n fi ìka kan ìpara yẹn, wọ́n ní tàwọn náà wà lára ẹ̀.

A pín àwọn léèsì àti àǹkárá tí ìyá mi ń wọ̀ lọ sóde, ojúlé kọ̀ọ̀kan ló mú tiẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo rántí yín. Aṣọ eré, ìwé, fọ́tò, kásẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó mú nínú ẹ̀. Ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí ìwé. A lẹ lẹ́tà pa di 2050. Àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin ti ń ya négátíìfù sí kọ̀ǹpútà, nínú mọ́kànléláàádọ́rin, mẹ́sàn-án ti bó kọjá àtúnṣe.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lórí ẹní, mo tan fóònù pé kó máa gba ohùn sílẹ̀, Ìyá Kékeré sì ń dárúkọ. Ẹni tó jẹ́, ìlú tó jẹ́, ẹni tó fẹ́ ẹ, ẹni tó ti kú. Wọ́n dárúkọ èèyàn mẹ́rìnlélógójì. Ọmọbìnrin kan tó di agbè mú ni wọn ò rántí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní ká gbé e tì.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Kékeré ni. Wọn ò dúró kí n kí wọn tán. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni wọ́n sọ, wọ́n sì ní kí n tètè kọ ọ́ káwọn tó tún gbàgbé. Mo dìde, mo wá pẹ́ńsù.